Àṣírí Tí Ẹnjiníà Fẹ́ Dá Tú

Bí ènìyàn bá ń wá ẹni tó mọ̀ nípa omi abẹ́ ilẹ̀ ní gbogbo Ṣómólú, ní ọdún kejì tí àwọn ológun gbéjọba fún alágbádá, ilé Bámilóyè Ògúnmọ́lá ní Fọlá Àgòrò ni wọ́n máa júwe fún un. Bó bá sì ń wá ẹni tí kì í sọ ohun tó mọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ilé kan náà ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bámilóyè, díákónì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, Ẹnjiníà sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti ṣiṣẹ́ omi fún ìjọba láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sì gba rìbá rí. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ayé ìgbà náà kì í fẹ́ rí i sójú. Bí ẹnì kan bá gbẹ́ kànga dẹ̀rọ tó sì parọ́ bó ṣe jìn tó, Ẹnjiníà á dé ibẹ̀, á ní kí gbogbo èèyàn kúrò níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa padà wá, á ti mọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká má jalè, ọ̀tọ̀ ni ká má láhun. Ahun ìmọ̀ ni Ẹnjiníà. Bó ṣe ń mọ ohun tó ń mọ̀, kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kò sọ ọ́ fún Olúwatóbi ọmọ rẹ̀ tó lọ kọ́ irú iṣẹ́ kan náà ní yunifásítì, kò sì sọ ọ́ fún Ìbíyẹmí ìyàwó rẹ̀.

“Bàbá Tóbi,” ni Ìbíyẹmí máa ń wí bó bá fẹ́ tọ́ ọ, “ṣé ẹ máa gbé e lọ sọ́run ni? Ṣé wọ́n ń gbẹ́ kànga níbẹ̀?”

“Ohun téèyàn fi ń jẹun, kì í fi í han gbogbo ayé.”

“Ẹ ti fẹ̀yìn tì o. Ẹ̀bà tí mo tẹ̀ lẹ fi ń jẹun.”

Nígbà yẹn ni Ẹgbẹ́ Àjọmọ̀ dé. Àwọn òyìnbó aṣèrànwọ́ tí wọ́n ti ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ yìí láyé ológun ti padà wá, wọ́n ń ṣe iléèwé, wọ́n ń fúnni lóògùn, wọ́n ń fa omi. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ aráàlú lẹ́nu náà sì bá wọn wọlé, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Dọlápọ̀ Adébọ̀dé ló kọ́kọ́ rí i pé àwọn olè gbọ́n ju àwọn tó ń lé wọn lọ lọ́nà kan. Akáǹtáǹtì ni Dọlápọ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí kì í pariwo, iṣẹ́ tí ilẹ̀ òkèèrè bá ṣe ìrànwọ́ fún ló sì máa ń yẹ̀ wò bóyá wọ́n ṣe é dójú àmì. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn olè ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n bá dá ní Ìbàdàn lóṣù yìí, wọ́n á ti máa dá a ní Bárígà kí òṣùpá mìíràn tó yọ. Àwọn tó yẹ kó mú wọn ni olúkúlùkù jókòó sí ọ́fíìsì tirẹ̀, tó ń dá ronú bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Ló bá kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mímọ́ jọ: akáǹtáǹtì, onímọ̀ ẹ̀rọ, apoògùn, nọ́ọ̀sì, akọ̀ròyìn. Sátidé kan lóṣù, wọ́n á pàdé nínú kíláàsì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bárígà, àwọn àgbàlagbà tó fi orúnkún ti àgbọ̀n lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún wà ní Akraa àti ní Kampala tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ní káfè tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fuad ṣí sí Onípanu. Òfin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní: bí ó bá kàn ọ́, wàá sọ ọgbọ́n olè kan tí o ti bá pàdé, wàá sì sọ bí o ṣe mú un.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Igbóbì, Oyèbísí, ló kọ́kọ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ ìwòsàn kan ṣoṣo ni àwọn olè kan ń gbé kiri, tí wọ́n ń yà á ní fọ́tò ní ilé ìwòsàn kan dé òmíràn láàárín ìgbèríko, kí àwọn tó fowó ṣèrànwọ́ lè rò pé gbogbo ibẹ̀ ló ti ní ọ̀kan. Ojú ibi tí ẹ̀rọ náà ti ha lára lòun fi dá a mọ̀, bí ẹni dá ìbejì mọ̀ nípa àpá.

Ẹnjiníà náà wà nínú ẹgbẹ́, ó sì gbádùn ìtàn yẹn. Ó gbádùn gbogbo ìtàn gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bó bá kàn án, á dìde, á tún ẹ̀wù ṣe, á ní, “Ọ̀rọ̀ tèmi ṣì wà lórí iná. Kò tíì jinná.”

Wọ́n fara mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fara mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó yá, Oyèbísí ní, “Ẹnjiníà, sà, ẹran wo lẹ̀ ń sè láti ìgbà ọyẹ́? Ẹ jẹ́ ká bá yín wá igi sí i.”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Ẹnjiníà náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹni tó ń bínú. Ká sòótọ́, kì í ṣe ìkà ló ń ṣe é. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí ènìyàn bá ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n gba ọkọ̀ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, kí ló kù tó jẹ́ tirẹ̀? Bí òun bá sọ ohun kan ṣoṣo yìí tán, ta ni yóò tún máa pe òun ní Ẹnjiníà? Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ó ń lọ sí ìpàdé, ó ń kó ìmọ̀ àwọn ẹlòmíràn sápò, ó ń padà sílé.

Lọ́dún yẹn ni àwọn òyìnbó kan fẹ́ fún àdúgbò kan ní Bárígà, nítòsí ọ̀sà, ní omi. Iyọ̀ ni omi kànga wọn níbẹ̀. Bí ènìyàn bá fi fọṣọ, ọṣẹ kì í hó. Ọ̀nà jíjìn làwọn obìnrin ti ń ru omi mímu wá. Agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ni Japhet, ọkùnrin kan tó sanra, tó máa ń rẹ́rìn-ín, tó ń pe gbogbo ènìyàn ní “ẹ̀gbọ́n mi”, tó fi dórí àwọn tí ó jù lọ́jọ́ orí.

Ẹnjiníà ya ibẹ̀ ní ọjọ́ kan bí ẹni tó ń kọjá lọ. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ wọn mọ́. Ó wo erùpẹ̀ tí wọ́n hú jáde, ó fi bàtà tú u díẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé Japhet ti jẹ nǹkan ńlá. Kànga náà kò tíì dé ìdajì ibi tó yẹ kó dé.

Ká ní ó yà sọ́dọ̀ Dọlápọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni, iṣẹ́ ì bá bàjẹ́ mọ́ Japhet lọ́wọ́ nígbà tí irinṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Kò yà. Ó rò ó wò pé, kí ni ká máa fi irú nǹkan báyìí ṣòfò lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé? Ọjọ́ ìṣíde ń bọ̀, tí wọ́n máa ṣí omi náà fún aráàlú. Àwọn òyìnbó á wà níbẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn á wà níbẹ̀. Níbẹ̀ ló máa dìde.

“Kí ló dé tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀bà?” Ìbíyẹmí bi í ní alẹ́ yẹn.

“Kò sí nǹkan kan.”

“Ẹ̀bà ọ̀hún ò ṣẹ̀fẹ̀ o.”

Ìpàdé Àjọmọ̀ tó tẹ̀lé e, àlejò wọlé wá láti Akraa, obìnrin kan tó ti bá àwọn ayẹ̀wéwò ṣiṣẹ́ lórí omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ́. Ẹnjiníà jókòó síwájú, ó ń mi orí síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa sọ lọ́jọ́ ìṣíde ló ń tò nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àlejò, òun ló pa á jù.

Ọjọ́ ìṣíde pé. Wọ́n ta kánópì, wọ́n to àga. Táǹkì tuntun wà lókè lórí irin, ó ń dán, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́fà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òyìnbó obìnrin tó ṣojú àwọn aṣèrànwọ́ wọ àdìrẹ, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Gbogbo Àjọmọ̀ ló wá, Ìbíyẹmí náà wá, nítorí ó fẹ́ mọ ohun tó ń pa ọkọ òun lẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà wọ kóòtù tó fi ṣe ìgbéyàwó Olúwatóbi. Nínú àpò rẹ̀ ni okùn kan wà tí kò fi han ẹnikẹ́ni rí, tó so irin kékeré kan mọ́ nídìí.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò rò tẹ́lẹ̀: Japhet ti jó irin dé ẹnu kànga náà pa. Kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà wọlé, ká má tiẹ̀ sọ okùn. Ẹnjiníà rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti ń tò fún oṣù kan kì í rọrùn láti gbé mì. Ó dìde.

“Kànga yìí kò jìn,” ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún un sọ ní Yorùbá kó lè dé ẹ̀yìn. “Omi dídùn kò lè ti inú rẹ̀ jáde.”

Japhet kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó rọra rìn lọ síbi ẹ̀rọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, àgbà ni yín, n kò lè bá yín jiyàn,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká bi omi fúnra rẹ̀.”

Ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi sì tú jáde bí ẹni tó ti ń retí pé kí wọ́n pe òun. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Japhet bu omi náà sínú ife gíláàsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ẹnjiníà, ó sì tẹrí ba fún un. Ẹnjiníà mu ún. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

“Bàbá, ṣé iyọ̀ ni?” obìnrin kan bi í láti ẹ̀yìn.

Ọkùnrin mìíràn ì bá purọ́. Ẹnjiníà kò mọ irọ́ í pa, kò kọ́ ọ níléèwé. “Ó dùn,” ó ní.

Ẹ̀rín sọ. Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, Ẹnjiníà ì bá bọ́ sínú rẹ̀, kò tilẹ̀ ní bèèrè bó ṣe jìn tó.

Dọlápọ̀ ló gbé àga wá fún un. “Ẹ jókòó, sà,” ó ní, kò sì fi ẹ̀rín sí i. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ bá àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n dúró lẹ́bàá kánópì, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà inú wọn.

“Ẹ̀yin ìyá wa, omi yín ti dé, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣé garawa kan péré lẹ ní nílé ni?”

Wọn kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Garawa dé, kẹ́ẹ̀gì dé, agbada tí wọ́n fi ń wẹ̀ fún ọmọ dé. Ẹnì kan yí dúrọ́ọ̀mù bọ̀ láti ojúlé rẹ̀. Gbogbo ẹnu ẹ̀rọ ló ń ya omi lẹ́ẹ̀kan náà. Òyìnbó obìnrin náà ń ya fọ́tò, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń nu ojú. Ó sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn tó báyìí rí.

Japhet nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn mọ́. Òógùn bò ó. “Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ ká rọra,” ó ní. “Kì í ṣe òní nìkan la máa mumi.”

“Ọ̀gá,” ni ìyá àgbà kan tó gbé agbada lórí dá a lóhùn, “ṣé kì í ṣe inú ilẹ̀ ló ti ń wá ni? Ṣé ilẹ̀ máa tán ni?”

Ilẹ̀ kò tán, ṣùgbọ́n táǹkì tán. Ẹnu ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wúkọ́, ó dákẹ́. Ìkejì tẹ̀lé e. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi kùn títí bí ẹni tó ń kọrin fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tu omi pípọ́n díẹ̀ sílẹ̀. Ìyá àgbà fi ìka kàn án, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́ dànù. “Iyọ̀,” ó ní. “Ọ̀rẹ́ wa àtijọ́ ni.”

Dọlápọ̀ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹnjiníà. “Ohun tí àlejò wa láti Akraa sọ ni, sà,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ó ní wọ́n á ra omi kún táǹkì dè yín lọ́jọ́ ìṣíde. Ó ní ká má wo èyí tó ń jáde, ká wò ó bóyá òmíràn ń wọlé.”

“Mo wà níbẹ̀,” ni Ẹnjiníà wí.

“Ẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, sà.”

Ẹnjiníà gbé ojú sílẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè gún ènìyàn kó dùn ún tó èyí tó wọlé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ yìí.

“Ṣùgbọ́n kò tíì tán,” Dọlápọ̀ ń bá a lọ. “Ẹ̀ ń gbọ́ Japhet lọ́hùn-ún, ó ń sọ fún òyìnbó pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, pé wọ́n á tún un ṣe lọ́la. Èmi ò lè já a nírọ́. Owó ni mo mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Bí ohunkóhun bá wà tí ẹ mọ̀ nípa kànga yìí, sà, òní ló wúlò fún.”

Ẹnjiníà wo ìyá àgbà tó ń gbọn omi iyọ̀ kúrò lára ìka. Ó wo àwọn obìnrin tí wọ́n dì mọ́ garawa wọn tó kún, tí wọ́n ti mọ̀ pé kò sí òmíràn. Ó dìde, ó bọ́ kóòtù, ó gbé e fún Ìbíyẹmí, ó sì lọ bá òyìnbó náà. Ó ní kó jẹ́ kí wọ́n ṣí ẹnu kànga. Òyìnbó ti gbé kámẹ́rà sílẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀rín sì ti kúrò lójú rẹ̀. Ó gbà. Wọ́n pe ajórin kan láti òdìkejì òpópónà, ó gé irin náà.

Níbẹ̀ ni wàhálà Ẹnjiníà ti wá dé. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun nìkan ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lé ẹnu kànga, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí ọwọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn dá a padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó mí hẹ. Ó wò yíká, ó rí Oyèbísí.

“Nọ́ọ̀sì,” ó ní, “wá bá mi di okùn yìí mú.”

Ẹni tó bá fẹ́ di okùn mú gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wá. Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Ẹnjiníà là á yé e níwájú gbogbo ayé: bí irin ìdí okùn bá kan omi, okùn á fúyẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́, bó bá kan ìsàlẹ̀, á dẹ̀ pátápátá, kó má ṣe fi èkíní pe èkejì. Oyèbísí rọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó dijú bí ẹni tó ń wá iṣan aláìsàn. Okùn dẹ̀ kíákíá. Wọ́n fà á jáde, wọ́n nà á sílẹ̀, wọ́n fi wé bí Japhet ṣe sọ pé òun gbẹ́ ẹ jìn tó, kò sì sí ẹni tí kò rí i pé kò dé ìdajì.

Ẹnu Ẹnjiníà ti là, kò sì tún lè pa á dé. Ó kó wọn lọ síbi òkìtì erùpẹ̀ tó ṣì wà lẹ́yìn ọgbà. “Ẹ bù ú, ẹ fi pa ọwọ́,” ó ní. “Ní etí ọ̀sà níbí, amọ̀ dúdú kan wà lábẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Òun ló ń dá iyọ̀ dúró lókè. Bí ẹ ò bá rí i nínú erùpẹ̀ tí wọ́n hú, wọn ò tíì dé ibi omi dídùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ.” Òyìnbó bù ú, kò rí dúdú kankan. Akọ̀ròyìn bù ú. Ìyá àgbà bù ú, ó ní òun mọ amọ̀ dúdú yẹn, pé bàbá òun máa ń sọ ọ́. Kódà Japhet náà bù ú, bí ẹni tí kò tíì rí i rí.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìbíyẹmí fi kóòtù kọ́, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Tóbi, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?”

“Kí ni gbogbo ẹ̀?”

“Okùn àti erùpẹ̀?”

Ẹnjiníà ronú díẹ̀. “Okùn àti erùpẹ̀ ni,” ó ní.

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí ibùsùn. Nígbà tó yá, Ẹnjiníà náà bá a jókòó, ó bá a rẹ́rìn-ín. Ó yà á lẹ́nu pé kò dun òun.

Wọn kò ti Japhet mọ́lé. Àwọn òyìnbó ní kó tún kànga náà gbẹ́ láti àpò ara rẹ̀, kí wọ́n tó tún bá a dòwò pọ̀, Àjọmọ̀ sì pín ara wọn sí i: kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan nínú wọn kò jókòó ti àwọn tó ń gbẹ́ ẹ, tó ń fi erùpẹ̀ pa ọwọ́. Apoògùn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí amọ̀ dúdú jáde, ó sì sáré lọ sílé Ẹnjiníà pẹ̀lú ọwọ́ dúdú láì wẹ̀ ẹ́. Kí ọyẹ́ tó dé, omi dídùn ti wà ní àdúgbò náà. Ó ń rùn bí irin díẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀.

Wàhálà tí Àjọmọ̀ wá ní báyìí ni bí wọ́n ṣe máa pa Ẹnjiníà lẹ́nu mọ́. Bó bá ti dìde, ó di pé ká sọ ti kànga Ẹ̀pẹ́, ká sọ ti agbaṣẹ́ṣe tó fi páìpù bàbá bàbá rẹ̀ gbẹ́ kànga. Oyèbísí gbé aago tábìlì wá láti ilé. Wọ́n ń gbé e síwájú rẹ̀, òun sì ń gbé e sí ibòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lọ sí káfè Fuad ní Onípanu. Ó ti ní kí Fuad bá òun tẹ ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́, ti Akraa àti ti Kampala. Èsì ti dé láti ọ̀dọ̀ obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Kampala. Fuad kà á sí i létí: okùn náà wúlò púpọ̀, àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò sí amọ̀ dúdú lọ́dọ̀ àwọn, àpáta ni wọ́n ń lu níbẹ̀.

Ẹnjiníà kó ojú jọ. Fuad rò pé inú ló ń bí i.

“Dádì, kí ni kí n kọ sí wọn?”

“Kọ ọ́ pé n kò mọ àpáta. Etí omi ni mo ti ṣe gbogbo iṣẹ́ mi.” Ó fi ọwọ́ pa àgbọ̀n. “Kó o wá bi wọ́n, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ tiwọn?”

Fuad tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́. Ẹnjiníà fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń wo ojú rẹ̀.

“Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ tiwọn o, Dádì. Ó lè di ọ̀la kí wọ́n tó dáhùn.”

“Mo gbọ́,” ni Ẹnjiníà wí, kò sì dìde.